Olú Tí N Kò Wá

Mo mọ olú.
Ẹ má fi ìyẹn bá mi jiyàn.
Láti kékeré ni ìyá mi ti ń mú mi lọ sẹ́yìn odi Kétu
bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá,
kí oòrùn tó pa wọ́n.
Mo mọ èyí tó ń hù nídìí ọ̀pẹ tó ti rà,
mo mọ ti orí ọ̀gán, funfun, tó ga bí ìka,
mo mọ èyí tó ń pa ewúrẹ́.
Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi títí di ọjọ́ kẹta.

Ní ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́
dókítà jókòó tì mí lórí àga gígùn.
Zinsu lorúkọ rẹ̀, Gùn ni,
ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.
Ó ní: Ìyá, a ti rí i.
Olú ni.
Mo ní: olú báwo?
Ó ní: ìbátan olú. Ó kéré, ojú lásán ò lè rí i.
Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín.

Ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ.
Ọmọ oṣù méje, tí kò wúwo ju ẹyẹlé méjì lọ,
tó ń gbé inú àpótí gíláàsì,
tí okùn tín-ín-rín gba ìdodo wọ inú rẹ̀,
tí omi ń gba ibẹ̀ kán sí i lára,
kán, kán.

Ibà ló kọ́kọ́ mú un. Wọ́n fún un ní oògùn,
wọ́n tún fún un ní èyí tó le jù ú lọ.
Oògùn náà lé olè.
Ó lé olè, ó lé ajá,
ó lé adìẹ, ó lé aládùúgbò tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà.
Ilé ṣófo, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.
Ta ni yóò bi àlejò pé níbo lò ń lọ?

Mo wo ọwọ́ mi.
Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo ti Kétu dé, igbá olú lórí mi,
mo ti ki ọwọ́ yìí bọ ihò àpótí,
mo ti fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo bi dókítà, ohùn mi ò fẹ́ jáde:
ṣé èmi ni?
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá,
èyí kì í ṣe ti oko. Ara gbogbo wa ló ń gbé,
ara èmi, ara yín, ara ọba pàápàá,
á jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.
Ara tó bá ti rẹ̀ ni í ti í jọba.
Ṣùgbọ́n, ó ní, ẹ máa fọwọ́.
Ṣùgbọ́n yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Oògùn rẹ̀ kò sí ní Àjàṣẹ́.
Adéòtí, àna mi, ta alùpùpù rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Kútọnu,
ó gbé e bọ̀ nínú yìnyín bí ẹni gbé ẹja.
Wọ́n yọ okùn ìdodo.
Wọ́n wá iṣan mìíràn ní agbárí,
níbi tí irun kò tíì hù.

Ọmọ àwọn ará Àjàrá ló wà nínú àpótí kejì.
Òun náà ní in.
Mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ń fi ọṣẹ nu gíláàsì rẹ̀,
kò wo ojú mi.
N kò béèrè. Mo lọ fọwọ́.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, atẹ́gùn ọ̀sà gba ojú fèrèsé wọlé,
ọmọ náà ké.
Kì í ṣe ẹkún gidi, bí ọmọ ológbò tó ń wá ìyá rẹ̀ ni.
Fẹ́hìntọ́lá fẹnu sí ihò àpótí, ó pè é ní Dúródọlá.
Kò sí oyin, kò sí iyọ̀,
kò sí àgbà mìíràn níbẹ̀ àfi èmi.
Dókítà ní ká má tíì yọ̀. A ṣì ń ka ọjọ́.

Lónìí òjò rọ̀ ní Kétu. Wọ́n pè mí lórí fóònù
pé olú ti yọ lẹ́yìn ilé, ó fọ́n káàkiri bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já,
ta ni yóò tu ú?
Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ tu ú.
Ọṣẹ ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ mi.
Mo gbé e sí imú, kò rùn olú mọ́ rárá,
n kò sì mọ ohun tí mo tún ń wá
nídìí ẹ̀rọ omi.